Láptọ́ọ̀pù Inú Àpótí Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ jókòó, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ìdúró gbọ́. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó jẹ́wọ́ rí tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un? Èmi rèé. Mo sọ òtítọ́ fún ọkọ mi, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́, nínú ilé ara mi, lójú oúnjẹ, ó sì fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ń purọ́ fún ọkọ wọn, ọkọ ń gbà wọ́n gbọ́, ó tún ń ra ẹran lé e. Èmi sọ òótọ́, wọ́n ní mo mọ àpárá dá. Ó dùn mí o, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú mi tún ń dùn, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ tí a bá dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀bi ọ̀hún kì í kúkú ṣe ti ọkọ mi. Ojú mi ni. Ọlọ́run fún mi ní ojú kan tí kì í yí padà. Bí mo bá ń ṣeré, ojú yẹn ni. Bí mo bá ń sọ òótọ́, ojú yẹn náà ni. Nígbà tí mò ń rọbí Rúkà, agbẹ̀bí rò pé ńṣe ni mo wá kí òun. Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Mọ́níyà, níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé-atẹ̀wé láti ìgbà tí mo ti jáde ní póli, kò sẹ́ni tí mi ò tíì fi ojú yìí mú rí. Èmi ni mo sọ fún àwọn dírẹ́bà pé ọ̀gá tuntun tó ń bọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ họ́ọ̀nù, pé kí wọ́n máa na ọwọ́ síta ojú fèrèsé kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọ̀gá fi bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n ń yọ̀ fún. Èmi náà ni mo sọ fún ọkọ mi, níbi tí a ti ń ṣínu nínú Ramadan kan, pé ìjọba fẹ́ máa gba owó orí irùngbọ̀n, pé wọ́n á máa fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà. Ọkọ mi, tíṣà físíìsì, ọkùnrin tó kàwé, lọ gé irùngbọ̀n rẹ̀ kù bí imú ológbò. Wọ́n bi í ní mọ́sálásí pé kí ló dé, ó ní òun ò lè san owó orí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Ẹni tó bá sì dá àpárá lẹ́ẹ̀kan, bó bá ń sunkún, ẹ̀rín ni wọ́n á fi gbè é.

Ẹ má bínú sí ọkọ mi o. Kí n tó dé orí láptọ́ọ̀pù, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ti fídíò, nítorí ibẹ̀ ni egbò náà wà. Nígbà tí Rúkà, àkọ́bí wa, ṣì ń rákòrò, ọkọ mi lẹni àkọ́kọ́ tó ra fídíò ní gbogbo àdúgbò wa. Orí ló fi rù ú wálé láti ibi tí bọ́ọ̀sì já a sí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. A pa adìyẹ láti fi wẹ fídíò náà, pálọ̀ wa kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn àgbà jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ṣe “hẹ̀ẹ̀n, hẹ̀ẹ̀n” bí ẹni ń gbọ́ wáàsí. Àṣé èyí tó ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì kékeré lọkọ mi rà. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo ayé fi yí sí èyí tó ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì ńlá. Ẹni tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì háyà ní Mọ́níyà kò kó kékeré wá mọ́. Fíìmù kan ṣoṣo ló kù sí wa lọ́wọ́, a wò ó títí ewúrẹ́ ilé wa fi mọ ibi tí wọ́n ti máa yìnbọn. Á ti dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó tó dún. Ni wọ́n bá sọ ọkọ mi ní Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì Kékeré. Tíṣà Kàsálí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní Ìyànà Ọ̀fà, tí òun àti ọkọ mi jọ lọ sí iléèwé àwọn olùkọ́. Láti ẹnu rẹ̀ ló ti dé ẹnu àwọn ọmọ iléèwé. Ọkọ mi ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó fi aṣọ léèsì bo fídíò náà, ó gbé òdòdó oníke lé e lórí, bí ẹni ṣe sàréè lọ́ṣọ̀ọ́. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá Rúkà, láyé mi, mi ò tún ní jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ ra nǹkan mọ́.” Mo ṣe àmín. Ṣé mo mọ ohun tó ń bọ̀ ni?

Ohun tó ń bọ̀ bọ̀ nígbà tí Dókítà kan wá ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, dókítà ẹ̀gẹ́ ni, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ohun ọ̀gbìn. Wọ́n ní láptọ́ọ̀pù, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pa dé bí ìwé, tí èèyàn lè gbé lé itan. Ó dúdú, ó pẹlẹbẹ, ó ń la ẹnu bí ọ̀nì, tí ojú rẹ̀ bá sì mọ́lẹ̀, á dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé sínú yàrá tó ṣókùnkùn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ lẹ́tà kan lórí rẹ̀. Mo jókòó, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, mo ṣìṣe. Ọwọ́ mi ti ń wá ọ̀dà funfun tí a fi ń kun àṣìṣe. Dókítà ní, “Màdáàmù, ẹ tẹ bọ́tìnì ibí yìí.” Mo tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe parẹ́! Ẹ̀yin èèyàn mi, ó parẹ́ bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo bí i! Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹun rí, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí mò ń sọ: kí èèyàn tẹ ojú ewé kan dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ìka kan tí kò gbọ́n wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, kó fa bébà ya, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àdírẹ́sì. Ojoojúmọ́ ayé mi nìyẹn. Ọ̀nà tí mo gbà délé lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀. Mo fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má rò pé ọkọ mi kò fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ jù mí lọ! Magasíìnì òyìnbó tí Dókítà bá ti kà tán, òun ló ń gbà á, á máa fi ìka tọ àwòrán láptọ́ọ̀pù inú rẹ̀ bí ẹni ń yan ìyàwó. Èyí yára ju tọ̀hún lọ, tọ̀hún fúyẹ́ ju èyí lọ, ìkan ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ tí ojú rẹ̀ máa ní àwọ̀ bíi tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí magasíìnì mìíràn bá sì dé, á tún pa èyí tó yàn tẹ́lẹ̀ tì. Nígbà tí ìrìnàjò Dókítà wá pé, tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, ọkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ fi láptọ́ọ̀pù náà lọ̀. Mò ń da tíì fún wọn ní pálọ̀, ọwọ́ mi dúró lófuurufú.

“Tíṣà, ẹ mú un. Iye tó bá rọ̀ yín lọ́rùn lẹ máa fún mi.”

“Dókítà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ewé yìí ná. Èyí tó ń bọ̀, aláwọ̀ ni. Tiyín, dúdú àti funfun ni. Bí mo bá ra èyí lónìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn ní Mọ́níyà lọ́dún tó ń bọ̀?”

“Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti fi ṣiṣẹ́ fún ọdún kan.”

“Dókítà, onísùúrù ní ń fún wàrà kìnnìún.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Kìnnìún tí ẹ ń wí yẹn, Tíṣà, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ o.”

Mo dá sí i. Mo ní, “Bàbá Rúkà, ẹ jẹ́ ká gbà á. Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́.” Ọkọ mi ní kí n má dá sí i, pé èmi kọ́ ni wọ́n pè ní kásẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, èmi kọ́ ni wọ́n pè. Èmi tí mò ń nu eruku orí òdòdó oníke yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èésú àwa akọ̀wé ọ́fíìsì kàn mí. Mo kó owó náà, mo gba ẹ̀yìn ọgbà lọ bá Dókítà, mo ní mo wá gbé e. Wọ́n ní, “Ṣé Tíṣà mọ̀ sí i?” Mo ní, “Wọ́n mọ̀.” Ojú yìí ni mo fi sọ ọ́. Dókítà ò tíì gbé ọ̀dọ̀ wa pẹ́ tó láti mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń tàn án àti bí wọ́n ṣe ń pa á, mo so ó mọ́ ikùn, mo fi ìbòrí mi bò ó, mo ń rọra lọ sílé. Ìyá aládùúgbò wa kan pàdé mi lójú ọ̀nà, ó wo ikùn mi, ó tẹ́wọ́, ó ní, “Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ o.” Mo ní, “Àmín, Màmá. Ó wúwo díẹ̀.”

Inú àpótí mi ni mo gbé e sí. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ilé ọkọ mi lè bi mí pé ṣé ibẹ̀ nìkan ni ibi ìpamọ́. Kò sí ibi tó tún dára jù ú lọ láyé! Nílé ọkọ mi, ọkùnrin kì í ṣí àpótí ìyàwó. Àpótí tí obìnrin gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀, tirẹ̀ ni, òun àti Ọlọ́run rẹ̀. Ọkọ lè wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó lè tú ilé ìdáná, ṣùgbọ́n bó bá fọwọ́ kan ìdérí àpótí yẹn, àwọn obìnrin ilé á fi kọrin fún un, wọ́n á ní ó ń wá ohun tí kò fi síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti fi èyí sí i létí kó tó mọ ṣòkòtò wọ̀. Bí ọkọ mi bá fẹ́ gba ibi tí àpótí mi wà kọjá, ńṣe ló ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi nìyẹn, mo la ẹnu ọ̀nì. Iṣẹ́ tí mò ń gbà sílé pọ̀: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ póli, ìbéèrè ìdánwò tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ ń gbé fún mi. Mò ń tẹ̀ wọ́n, mò ń pa àṣìṣe rẹ́, mò ń dá ẹ̀rín rín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí ẹni tó wà ní pálọ̀ má baà sọ pé òun ò gbọ́ ariwo iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń na ọwọ́ òsì lù ú láìsí bébà lẹ́nu rẹ̀: kọ́-kọ́-kọ́-kọ́-gbíìn! Tó bá di ọjọ́ kejì, mo mú dísíkì pẹlẹbẹ tó gba iṣẹ́ náà sára lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Bódìjà, ọmọbìnrin kan níbẹ̀ á bá mi tẹ iṣẹ́ náà jáde sórí bébà. Ẹ ò rí i bí ó ṣe mọ́! Eteetí òsì gún, eteetí ọ̀tún gún, àfi bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ọkọ mi ní ojú.

Ó gbé ìbéèrè ìdánwò rẹ̀ wò, ó gbé e sún mọ́ iná, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ mí. Ó ní, “Ìyá Rúkà, o rí i báyìí? Mo sọ fún ẹ!” Àṣé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó ti mú òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ti fi kán gbogbo oríkèé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Ó gbà pé òróró òun ló ṣiṣẹ́. Físíìsì ni, ó ní. Ibi tí irin bá ti ń ha irin, lẹ́tà ò lè dúró lójú kan. Ó fi bébà náà han àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn aláìnísùúrù ń sáré kiri nítorí láptọ́ọ̀pù, ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán ń ṣe nílé òun. Ẹ gbà mí! Ohun tí mo fi pamọ́ fún un, òun ló fi ń ṣe ẹ̀rí pé òun kò nílò rẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn wá kó bá wọn kán òróró sí i. Nígbà tí tiwọn kò yí padà, ó ní wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kán an, kí gbogbo wọn wá sílé òun ní Sátidé, òun á kọ́ wọn, ìyàwó òun á sì tẹ̀wé lójú wọn kòrókòró. Ó ní kí wọ́n sọ fún Tíṣà Kàsálí náà.

Ìgbà tí mo gbọ́ orúkọ Kàsálí ni mo mọ̀ pé eré ti tán. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú ọkọ mi, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá Rúkà, ẹ dákun, òróró kọ́. Mo ti ra láptọ́ọ̀pù Dókítà. Inú àpótí mi ló wà.” Ọkọ mi gbé òkèlè dúró. Ó wo ojú mi. Ojú mi ò yí padà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu tábìlì, ó ní, “Inú àpótí! Ìwọ obìnrin yìí, o ò ní pa mí!” Ó dìde lórí oúnjẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ojúlé dé ojúlé.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún gbìyànjú. Mo ní, “Ẹ gbọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, òótọ́ ni.” Ó ní bí mo ṣe sọ ti owó orí irùngbọ̀n gan-an nìyẹn. Mo mú kọ́kọ́rọ́ àpótí, mo fi lé e lọ́wọ́. “Ẹ lọ ṣí i.” Ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

“Èmi? Kí n ṣí àpótí ìyàwó mi? Kí àwọn ìyàwó ilé wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ibi tí o fẹ́ mú mi dé nìyẹn, mi ò bá ẹ débẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá nígbà náà.”

“Gbé e wá, kí n sì rí búlọ́ọ̀kù tí o fi aṣọ wé. Ìyá Rúkà, mo ti mọ̀ ẹ́ tán.”

Ẹ̀yin ìyá mi, kí ni kí n ṣe? Ẹ ó ní kí n gbé e wá náà. Mo dé ìdí àpótí, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Kì í ṣe ìbínú rẹ̀ ni mo bẹ̀rù. Bí ó ṣe ń rìn káàkiri ilé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ òróró ti bẹ̀rẹ̀ ni mò ń rò. Láti ìgbà fídíò, mi ò tíì rí i kó rìn báyẹn mọ́, orí sókè, irùngbọ̀n níwájú. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìyẹn lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀?

Sátidé pé. Àwọn tíṣà dé, akọ̀wé dé, ìkan tiẹ̀ ti Ẹgbẹ́dá wá. Tíṣà Kàsálí ló jókòó síwájú, ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ lé itan bí ọmọ tí wọ́n gbé wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì ti ra ìgò òróró tirẹ̀ dání. Ọkọ mi dìde, ó sọ̀rọ̀ lórí irin, ó sọ̀rọ̀ lórí òróró, ó kán an tó-tó-tó sínú ẹ̀rọ mi, ó ní, “Ìyá Rúkà, ó yá, jókòó, tẹ nǹkan fún wọn.” Mo jókòó. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fa bébà yọ. Ẹ̀yin èèyàn, eteetí ọ̀tún rẹ̀ rí bí ọgbà tí ewúrẹ́ jẹ, àbàwọ́n òróró sì wà láàrin rẹ̀ gbàǹgbà. Bébà náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ Kàsálí.

Kàsálí gbé e wò. Ó ní, “Tíṣà, òróró yín yìí, ṣé kì í ṣe ti kásẹ́ẹ̀tì kékeré?”

Ilé wó! Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lu ara wọn lẹ́yìn. Ọkọ mi ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìjọ́ fídíò gan-an, ṣùgbọ́n ìgò òróró ọwọ́ rẹ̀ ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń kán sórí agbádá rẹ̀, kò mọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo wọ yàrá, mo ṣí àpótí, mo gbé e jáde, mo gbé e lé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níwájú gbogbo wọn, mo là á. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín dá wáí. Mo tẹ orúkọ Kàsálí síbẹ̀, mo ṣì í tẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì kan, àṣìṣe parẹ́. Kàsálí dìde dúró, ẹ̀rọ itan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Mo wá kọjú sí ọkọ mi, mo gbé ojú mi yìí kalẹ̀, mo ní, “Bàbá Rúkà, mo ti ṣe é bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é. Ẹ ní kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán.”

Gbogbo ojú yí sí ọkọ mi. Ẹ rántí o, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí nǹkan náà nílé rẹ̀ ni! Mò ń wò ó. Ó wo láptọ́ọ̀pù, ó wò mí, ó wo Kàsálí. Ó wá ní, láìrẹ́rìn-ín, “Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó máa lọ ra òróró nínú yín ni.” Háà! Gbogbo wọn yíjú sí ìgò ọwọ́ Kàsálí. Àwọn kan dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi, wọ́n ní kò tíì sí irú àpárá bẹ́ẹ̀ láti Mọ́níyà dé Ọ̀yọ́. Kàsálí fúnra rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, “Tíṣà, ẹ mú mi.” Ó sì fi ìgò òróró náà ta á lọ́rẹ.

Wọ́n lọ tán. Ọkọ mi jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù, ó ká ọwọ́ méjèèjì sáàrin itan. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mò ń dúró de ìjà.

“Ti Dókítà nìyí?”

“Òun ni.”

“Gbogbo ìgbà tí mò ń kán òróró.”

“Ẹ dákun. Mo sọ fún yín.”

“O sọ fún mi lóòótọ́.” Ó mí kanlẹ̀. “Kí ni o wá sọ fún Dókítà?”

“Mo ní ẹ mọ̀.”

Ó mi orí. Ó ní ìyẹn kò dára, kí n kọ̀wé sí wọn kí n tọrọ àforíjì, mo sì ti kọ ọ́. Ó wá ní kí n fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ han òun. Ó fi ìka kan tẹ orúkọ ara rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì, ó parẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é títí ẹ̀rín fi bẹ̀rẹ̀ sí yọ létí ẹnu rẹ̀ bí ọmọdé. Láìwò mí, ó ní, “Ìyá Rúkà, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ ni mò ń dúró dè o. Ẹ̀rín wọn ni mò ń sá fún.” Èmi tí ojú mi kì í yí padà, mo fi ìbòrí bo ojú mi lọ́jọ́ náà, kó má baà rí i bó ṣe yí.

Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ìbá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé mo jẹ́ da yín láàmú? Nǹkan tó gbé mi dìde láti kọ ìwé yìí, òní olónìí ló ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ Sátidé yẹn ni ọkọ mi ti di ẹlòmíràn. Ó ti bọ́ nínú ìdúró, ó ti kó sínú ìsáré. Lọ́sàn-án òní, ó wọlé láti Bódìjà, kò bọ́ bàtà, kò mu omi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ọkọ ìyàwó. “Ìyá Rúkà, dìde! Ó ti dé! Aláwọ̀! Mo fi ojú mi rí i, mo fọwọ́ kàn án! Wọ́n ní àwọn á gba èyí tó wà nílẹ̀ mọ́ owó. Dìde ká gbé e kí ẹlòmíràn tó gbé e. Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí mo gba ẹ̀yìn ọgbà, èmi tí mo fi ìbòrí gbé oyún irin wọlé, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, “Bàbá Rúkà, ẹ jẹ́ ká dúró ná. Ọmọbìnrin Bódìjà ní òmíràn ń bọ̀ tó tún fúyẹ́ jù ú lọ.” Mi ò mọ ibi tó ti wá. Bóyá nítorí pé mo fẹ́ràn ọ̀nì dúdú mi ni. Bóyá nítorí pé gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ ti mọ ìka mi. Ohun kan ni mo mọ̀, kí ẹ̀yin náà fi kọ́gbọ́n: èyí tó ń bọ̀ kì í tán lọ́nà. Ẹni tó bá ń dúró dè é á dúró pẹ́. Ẹni tó bá sì ń sáré tẹ̀ lé e, á sáré pẹ́. Ṣùgbọ́n, Ọlọ́run mi, aláwọ̀! Ọkọ mi ní pupa inú rẹ̀ pupa bí ata rodo!

Ọkọ mi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dá ọ̀kadà dúró, ọlọ́kadà ń pè wá, òun sì ń pè mí, ó ní ṣé mò ń bọ̀ àbí mi ò bọ̀. Ká tà á ni, àbí ká mú un lọ́wọ́? Ká rà á, àbí ká dúró? Ẹ̀yin tí ẹ ti rà rí, ẹ̀yin tí ẹ ti dúró rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, torí bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo tíì wọ̀.